Ohun Tí Curtis Kọ Sílẹ̀

Ní Imeke, mo ń gbọ́ rédíò Èkó àti ti Kùtọnu. Ọ̀run náà ní tirẹ̀.

Ní 1918, Heber Curtis, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ìlà ìmọ́lẹ̀ tó ta jáde tààrà láti àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ M87. Kò mọ ohun tó ń tì í jáde. Ní 2019, a rí àwòrán ihò dúdú tó wà níbẹ̀. Ó wúwo tó bílíọ̀nù 6.5 oòrùn wa. Ohun tó bá já sínú rẹ̀ kì í padà. Ṣùgbọ́n gáàsì ń yí i ká, agbára mágnẹ́ẹ̀tì sì ń ju díẹ̀ síta. Òun ló ń rán ìgbì rédíò wá.

Nítòsí wa, ní 2017, Gánà sọ àwo tẹlifóònù àtijọ́ ní Kuntunse di ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìgbì ọ̀run.

Ọdún 101 ló wà láàárín ìwé Curtis àti àwòrán náà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ ká máa kọ ìbéèrè tí kò tíì ní ìdáhùn sílẹ̀.