Ìtàn Bí Sáfà Tó Yára Ṣe Ń Bá Swíìṣì Tó Lọ́ra Kẹ́gbẹ́

Ní ọdún 1973, ní ilé ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ Xerox dá sílẹ̀ sí ìlú Palo Alto ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni Robert Metcalfe ti kọ èrò Ethernet sílẹ̀, tí òun àti David Boggs sì jọ mú un ṣẹ, kí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà kan náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ IEEE fi òǹtẹ̀ lu òfin 802.3 ní 1983, mílíọ̀nù 10 bíìtì ni wáyà náà ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sá, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè agbára rẹ̀.

Ọdún 1995 ni ọ̀rọ̀ yí padà, nígbà tí òfin 802.3u gbé eré náà dé mílíọ̀nù 100. Ta ni yóò da ẹ̀rọ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nù nítorí pé tuntun dé? Àwọn ọlọ́gbọ́n tí ó ṣe òfin náà fi ìdúnàádúrà sínú rẹ̀: kí iṣẹ́ kankan tó kọjá, ihò sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, àti ihò swíìṣì, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń so wọ́n pọ̀, yóò kọ́kọ́ fi àmì iná mànàmáná kéékèèké sọ eré tí oníkálùkù lè sá fún ara wọn, wọn yóò sì yan èyí tí ó ga jù nínú èyí tí àwọn méjèèjì mọ̀. Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Gígábíìtì 1 (ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù bíìtì) orí wáyà bàbà tí ó dé ní 1999, àti gígábíìtì 10 tí ó tẹ̀lé e ní 2006, kò kọ ìwà ìtẹríba yìí sílẹ̀. Ìdí nìyí tí sáfà oní-gígábíìtì 10 fi lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú swíìṣì oní-gígábíìtì 1, kí iṣẹ́ sì máa lọ.

Níbi tí a bá ti fi agídí rọ́pò àdéhùn ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí olùtọ́jú ẹ̀rọ bá de swíìṣì mọ́ eré mílíọ̀nù 100, tí ó ní kí ó máa sọ kí ó sì máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó wá fi sáfà sílẹ̀ láti dúnàádúrà, sáfà yóò mọ eré náà, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí kò ti gbọ́ èsì, yóò gbà pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí èkejì tó sọ̀rọ̀. Iná ihò méjèèjì yóò tàn, iṣẹ́ yóò sì máa falẹ̀. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Ní ti fáíbà, wáyà tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé iṣẹ́, tí gígábíìtì 10 rẹ̀ di òfin ní 2002, kò sí irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀ láàárín eré gígábíìtì 1 àti eré gígábíìtì 10. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ihò SFP+, tí a ń ki ẹ̀rọ kékeré tí ń tan ìmọ́lẹ̀ eré 10 bọ̀, lè gba SFP àtijọ́ ti eré 1, nítorí ìrísí kan náà ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n bí ẹnu kan bá ń tan ìmọ́lẹ̀ eré 10, tí èkejì ń tan ti eré 1, wọn kò ní gbọ́ra wọn yé. Ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe àdéhùn náà, kí ó fi ẹ̀rọ kékeré oníyára kan náà sí ẹnu méjèèjì.

FDDI, ọ̀nà mìíràn láti so kọ̀ǹpútà pọ̀, ń sá eré mílíọ̀nù 100 nígbà tí Ethernet ṣì wà ní 10, síbẹ̀ FDDI ti di ìtàn. Ó dá mi lójú pé ọ̀wọ̀ tí tuntun ń bù fún àgbà wà lára ohun tí ó gbé Ethernet ró títí di òní. Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ ra sáfà má ṣe wo eré tí a kọ sára rẹ̀ nìkan. Swíìṣì tí ó ti wà nílé ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.