Igbó Ọ̀ṣun àti Owó Àlejò

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí owó tí àlejò ń ná nígbà tí ó bá wá wo ìlú onílùú, àti bí a ṣe lè ṣètò tí owó náà yóò fi dé ọwọ́ àwọn ọmọ ìlú. Bí a bá ti mẹ́nu ba irú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ilé ìtura gogoro àti ọ̀nà ọlọ́dà. N kò sọ pé kí a má kọ́ wọn o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dé Òṣogbo ná, kí a wo ibi tí ètò ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn àgbà Òṣogbo a máa sọ pé àìrí omi ni ó lé Lárọ́òyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé, tí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun. Wọ́n gé igi kan, igi náà wó lu odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró òrìṣà. Ọ̀ṣun bá wọn wí. Lẹ́yìn náà ni ó bá wọn mulẹ̀ pé kí wọ́n kó kúrò létí omi lọ sí ilẹ̀ gíga, kí wọ́n máa bọ òun lọ́dọọdún, òun náà yóò sì máa dáàbò bò wọ́n. Èèwọ̀ igbó náà kò ju mẹ́ta lọ: a kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè pe èyí ní ìtàn àwọn àgbà lásán. Ní tèmi, òfin ìlú ni mo kà á sí. Òfin náà ni ó jẹ́ kí igbó tí ó tó héktà 75 ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ńlá títí di òní, nígbà tí igbó òrìṣà ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ti di oko, tí ó sì ti di ilé.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, òfin ti ń rọ̀. Ojúbọ ń wó, àwọn àwòrò ń dínkù, àwọn kan ń pẹja, àwọn mìíràn ń gé igi, àwọn tí ń ṣòwò ilẹ̀ sì ń wo igbó náà bí ológbò ti ń wo eku. Susanne Wenger, obìnrin ará ilẹ̀ Austria, ti dé Nàìjíríà ní ọdún 1950. Àwọn ará Òṣogbo sọ ọ́ ní Àdùnní, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn abọ̀rìṣà. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí tún ojúbọ ṣe, Àtáọ́ja ìgbà náà, Ọba Adénlé, sì tì wọ́n lẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí? Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kí ó tó di ẹni tí ń fi sìmẹ́ńtì mọ ère. Agbẹ́gilére ni Kàsálí Àkàngbé. A kò lọ kó òṣìṣẹ́ wá láti òkè òkun. Ọwọ́ ìlú ni a lò, iṣẹ́ tí ọwọ́ náà sì kọ́ nínú igbó, ó bá a jáde sí ìgboro.

Ní ọdún 1965 ni ìjọba Nàìjíríà kọ́kọ́ fi òfin dáàbò bo igbó náà, ní 1992 ni òfin náà sì wá ká gbogbo héktà 75. Ní 2005 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún gbogbo àgbáyé, òun sì ni ìkejì ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur, tí wọ́n kọ ní 1999. Nítorí náà, ààbò ni ó kọ́kọ́ dé. Òkìkí ni ó tẹ̀lé e, àlejò sì tẹ̀lé òkìkí.

Ẹ wá wo Òṣogbo nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, nígbà tí Arugbá bá ru igbá lọ sí odò! Àwọn ará Brazil àti Cuba àti Amẹ́ríkà ń wá, nítorí pé àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò gbàgbé Ọ̀ṣun. Alásè ń tà, awakọ̀ ń pa owó, kò sí yàrá tí ó ṣófo. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjìlá ni ọdún náà. Ẹni tí ó bá kọ́ ilé ìtura nítorí ọjọ́ 12 nìkan, kí ó rántí pé ọjọ́ 353 ni ilé náà yóò fi sùn. Ìdí nìyí tí mo fi ka aró, ère àti idẹ sí ju ilé gogoro lọ. Ẹni tí ó bá mọ àdìrẹ é ṣe, yóò rí i tà ní oṣù Èrèlé gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí i tà ní Ògọ́ọ̀sì, ẹni tí ó rà á kò sì ní láti dé Òṣogbo. Nike Okundaye mọ èyí nígbà tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983, tí ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní aró rírẹ láìgba owó lọ́wọ́ wọn.

Ohun kan ń kọ mí lóminú o. Kì í ṣe Òṣogbo ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ilẹ̀ Èkìtì ni ó ti ń bọ̀, ó sì ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wa wúrà. Ẹrẹ̀ tí wọ́n ń tú sínú omi lókè ni ó ń dé ojúbọ nísàlẹ̀, tí omi fi ń pọ́n bí amọ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi náà. Ẹ ro ó wò: omi tí àwọn ìyá ń pọn sínú kèrègbè lọ fún àwọn ọmọ wọn nílé, òun ni a ní kí wọ́n máa fi ojú wò. Àwọn tí ó gé igi ní ayé Lárọ́òyè, etí odò ni wọ́n wà, wọ́n sì gbọ́ ìbáwí. Àwọn tí ń wa kùsà kò sí nítòsí, èèwọ̀ Òṣogbo kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí a bá tún pe ìpàdé lórí ètò ọdún tí ń bọ̀, tí a pe onílé ìtura, tí a pe onímọ́tò, ta ni yóò pe àwọn tí ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà?