Láti Orí Asọ̀rọ̀mágbèsì Dé Orí Fóònù

Ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n nílẹ̀ nígbà tí a bá pàdé ní Command wa yìí. Àwọn òbí ń ráhùn pé ọmọ kì í gbọ́ ìpè mọ́ bí fóònù bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bàbá àwọn rí. Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó, ní gbọ̀ngàn Glover. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó ní láti múra, kí ó jáde nílé, kí ó sì padà nígbà tí eré bá parí. Ní ọdún 1935, ìjọba gbé àpótí rẹdifúṣọ̀n wọ Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Kò ní àwòrán, ohùn nìkan ni. Àwọn àgbà tẹ́tí sí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í sì í gba èsì lẹ́nu ẹni. Orúkọ yìí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Lójú Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí kò ní èsì kò tíì pé.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé-iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Òun ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ìrànlọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́ sì wà lára ìdí tí a fi dá a sílẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e ní Èkó ní 1962. LTV ti ìpínlẹ̀ wa dé ní 1980, nígbà Alhaji Lateef Jákàńdè. Oko àti abúlé Àwórì ni ó pọ̀ jù ní agbègbè wa nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní Ìpájà fún àdúgbò ní orúkọ rẹ̀, Command.

Ohun méjì ni ó ń ká tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ kò nígbà náà. Èkíní, kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń pé jọ sí pálọ̀ ẹnìkan. Bí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, bá dápàárá, gbogbo wọn a jọ rẹ́rìn-ín, wọn a sì máa sọ ọ́ títí di ọjọ́ kejì. Àpótí kò gba èsì, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran ń fún ara wọn lésì. Èkejì, ó ń tì. Bí alẹ́ bá lẹ́, a ó kọ orin orílẹ̀-èdè, àwòrán a pòórá, olúkúlùkù a lọ sùn. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kó ara wọn níjàánu jù wá lọ. Ẹlòmíràn ni ó ń bá wọn ti ilẹ̀kùn.

Ní ọdún 2001, fóònù GSM dé. Nígbà tí àwòrán àti íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀, ìjánu méjèèjì já: olúkúlùkù ní tirẹ̀, kì í sì í tì. Ẹni tí ó ń gbé Command mọ ohun tí èyí ń gbà lọ́wọ́ wa. Bàbá ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà Ìpájà. Alẹ́ ni yóò wọlé. Wákàtí kan tàbí méjì tí ó kù fún òun àti ọmọ rẹ̀ ni fóònù ń jẹ.

Síbẹ̀, a kò ní kí ẹnikẹ́ni ju fóònù nù. Ojú lọ̀rọ̀ wà, òun ni ó sì ń jẹ́ kí ìyá tí ó wà nílé rí ojú ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni a ń wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má jókòó ti àwòrán rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́.

Níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tí yóò bá wa ti ilẹ̀kùn mọ́, kí a tì í fúnra wa. Kí fóònù má bá wa débi oúnjẹ. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan aago kan lálẹ́ tí gbogbo fóònù yóò wà lórí tábìlì pálọ̀, kí ti bàbá àti ìyá sì kọ́kọ́ débẹ̀. Kí a máa bá ọmọ wo ohun tí ó ń wò, kí a bi í léèrè, kí a gbọ́ èsì rẹ̀. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi máa pè nígbà tí ilé bá pé, kí gbogbo wọn lè jọ gbọ́ ohùn yín.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Àpótí ni àwọn baba wa pè ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a jogún orúkọ náà nínú ilé wa. Àmín.