Tìmbúkítù: Ìlú Tí Ìdílé Gbé Ró

Ní ọdún 2027, mọ́sálásí Djinguereber tó wà ní Tìmbúkítù, létí aṣálẹ̀ Sàhárà ní orílẹ̀-èdè Màlì, yóò pé 700 ọdún. Amọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ìyẹn gan-an ló sì máa ń já àlejò kulẹ̀. Nígbà tí René Caillié, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dé ìlú náà ní 1828 nínú aṣọ Mùsùlùmí, ìlú oníwúrà tí wọ́n ń ròyìn ní Yúróòpù ló ń wá. Ilé amọ̀ láàárín yanrìn ló bá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ọlá ìlú náà wà kọ́ ló wò. Inú ìdílé ló wà: nínú ìwé tó wà nínú àpótí baba ẹni, àti nínú iṣẹ́ ọwọ́ tí ọ̀mọlé fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ìlú náà kò fi parun, bó ti wù kí ìjọba tó gbà á pọ̀ tó.

Nǹkan bí ọdún 1100 ni àwọn Tuareg, darandaran inú aṣálẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pàgọ́ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí Odò Ọya tí kò jìnnà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Buktu ló ń bá wọn ṣọ́ kànga àti ẹrù wọn. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń pàdé ràkúnmí: iyọ̀ ń ti Taghaza bọ̀ láti àríwá, wúrà àti oúnjẹ ń bọ̀ láti gúúsù. Mansa Musa, ọba Màlì, ṣe hájì ní 1324. Ó mú al-Sahili, ọmọ Granada, bọ̀, òun sì ni ìtàn sọ pé ó kọ́ Djinguereber. Lẹ́yìn èyí, Sunni Ali ọba Songhay gba ìlú náà ní 1468, ó sì fojú àwọn àáfà rí màbo títí púpọ̀ nínú wọn fi sá lọ sí Walata. Askia Muhammad, tó jọba ní 1493, ló dá iyì wọn padà.

Ẹnìkan lè sọ pé owó iyọ̀ àti wúrà ló fa gbogbo èyí. Òótọ́ ni pé owó ló ra bébà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ná an lé lórí: Hassan al-Wazzan, tí Yúróòpù mọ̀ sí Leo Africanus, débẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, ó sì kọ ọ́ pé èrè orí ìwé ju ti ọjà yòókù lọ. Ilé àáfà ni ilé ẹ̀kọ́. Sankore tí ayé ń pè ní yunifásítì kò ní ọ̀gá àgbà kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka ìwé kan tán lọ́dọ̀ olùkọ́, olùkọ́ á sì fún un ní ìwé àṣẹ tó to orúkọ àwọn tí ẹ̀kọ́ náà ti ọwọ́ wọn kọjá. Àwọn kan ka èyí sí àléébù. Èmi kà á sí agbára, torí kò sí ojú kan tí ọ̀tá yóò dúró sí pa á run. Ọmọ ogun Mòrókò fi ìbọn ṣẹ́gun Songhay ní Tondibi ní 1591, wọ́n sì kó àwọn àáfà ìdílé Aqit lọ sí Marrakesh nínú ìdè. Ahmed Baba wà lára wọn. Ó ráhùn pé 1,600 ìwé ni òun pàdánù, pé nínú àwọn ẹbí òun, ti òun ló sì kéré jù. Òwò wúrà yà sí etíkun, ìlú tòṣì, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ò yé da ìwé kọ.

Àwọn mìíràn sọ pé ìmọ̀ Lárúbáwá ni, kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú. Al-Sa'di, òpìtàn ìlú náà, kọ ọ́ pé al-Tamimi tó bá Mansa Musa wá láti Hijaz rí i pé àwọn àáfà dúdú ibẹ̀ mọ òfin ẹ̀sìn ju òun lọ, ló bá lọ kàwé sí i ní Fez. Muhammad Bagayogo, olùkọ́ Ahmed Baba, ọmọ Wangara, ẹ̀yà aláwọ̀ dúdú, ni. Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹrú. Ẹrú wà nínú ọjà tó ń gba aṣálẹ̀ kọjá. Ahmed Baba kọ̀wé pé àwọ̀ dúdú kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú, ṣùgbọ́n kò lòdì sí kíkó aláìgbàgbọ́ lẹ́rú. Ẹni tó bá ń yin ìlú náà kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́.

Ní 2012, àwọn ajagun ẹ̀sìn gba Tìmbúkítù, wọ́n wó ibojì àwọn ẹni mímọ́, wọ́n já ilẹ̀kùn mọ́sálásí Sidi Yahya. Ìwé bí 4,000 ló ṣègbé ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ahmed Baba tí ìjọba dá sílẹ̀. Àmọ́ Abdel Kader Haidara, olùtọ́jú ìwé ní ìlú náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó ìwé àwọn ìdílé sínú àpótí irin, wọ́n sì ti fi mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ sí Bamako díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀mọlé ìlú, tí ìdílé wọn ń darí ará ìlú bí wọ́n bá ń fi amọ̀ rẹ́ ògiri mọ́sálásí lọ́dọọdún, ló tún ibojì wọ̀nyẹn kọ́ tán ní 2015.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà: ìwé Lárúbáwá àti ànjẹ̀mí (Yorùbá tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ) tí àwọn àáfà Yorùbá kọ ṣì wà nínú ilé ní Ìlọrin àti Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà níkàáwọ́ yín, ẹ ṣí i kí ikán tó ṣí i, kí ẹ sì pe ẹni tó lè kà á.