Ajé Gúnlẹ̀ sí Àpápá, Ìdọ̀tí Gúnlẹ̀ sí Ajégúnlẹ̀

Orúkọ a máa ro ọmọ, ṣùgbọ́n ti Ajégúnlẹ̀ kò tíì rò ó tán. Orúkọ náà ń sọ pé ajé ti gúnlẹ̀. Síbẹ̀, Àpápá tó múlé tì í ni ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí.

Láàrin ọdún 1921 sí 1926 ni ìjọba amúnisìn kọ́ èbúté sí Àpápá. Ní ọdún 1928, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó, wọ́n dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ láti máa tún ìlú ṣe. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìgbìmọ̀ yìí dí irà Àpápá, ó la títì, ó sì pín ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté kò rí àyè níbẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n gbà lọ. Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ́, Urhobo àti Haúsá jọ kọ́lé sórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn tò. Bí ike bá dí gọ́tà níbẹ̀, ilé ni omi ń wọ̀.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi kíkó ìdọ̀tí àti títọ́jú òpópónà àti gọ́tà sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo kò ṣeé gbẹ́ gọ́tà. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá àgbègbè ìdàgbàsókè 37 kún ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó ní, ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá owó wọn dúró ní ọdún 2004. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ lọ́dún náà pé Ààrẹ kò ní agbára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó di ọdún 2007, lábẹ́ Yar'Adua, kí owó náà tó jáde.

Ọgbọ́n mìíràn wá láti ibòmíràn. Ní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Wecyclers bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ kó ike lójúlé dójúlé ní Èkó, wọ́n sì ń fún onílé ní ẹ̀bùn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ohun tó kó jọ. Nígbà tó fi di ọdún 2019, ayé ti gbọ́ nípa ilé ẹ̀kọ́ Morit International ní Ajégúnlẹ̀. Òbí á gbé àpò ike wá, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á ṣírò iye rẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Àjọ Africa Cleanup Initiative ló gbé ètò náà kalẹ̀. Ohun tó ń dí gọ́tà di owó ìwé.

Ṣùgbọ́n ike fúyẹ́. Àpò púpọ̀ ni yóò wọ orí ìwọ̀n kí ó tó di owó gidi, ilé ẹ̀kọ́ kan kò sì lè gba gbogbo àdúgbò lọ́wọ́ àgbàrá. Iṣẹ́ káńsù nìyẹn.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Bí ìdájọ́ yìí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwáwí àìlówó yóò tán. Ibi ìwọn ike kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, àti gọ́tà tí a gbẹ́ kí òjò tó dé, kò ju agbára káńsù lọ. Ìgbà yẹn ni orúkọ Ajégúnlẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn tó ń jẹ́ ẹ.