Òfin Ilé-Ìkàwé àti Ohùn Ará Ìlú: Àbújá àti Lambeth

Ní ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé iṣẹ́ kíkọ́ olú-ilé tuntun ti Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ fún agbaṣẹ́ṣe ní àárín gbùngbùn Àbújá. Owó tí wọ́n dá lé e ju bílíọ̀nù 8 náírà lọ, àdéhùn sì ni pé iṣẹ́ náà yóò parí kí ó tó pé ọdún méjì. Nígbà tí ọdún 2025 fi dé, ilé náà kò tí ì parí, owó rẹ̀ sì ti di ìlọ́po-ìlọ́po. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé àti àwọn onímọ̀ fi ẹ̀hónú hàn léraléra, ṣùgbọ́n irú ìwọ́de tí ó gba ìgboro kan ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012 nítorí owó epo kò wáyé nítorí ìwé.

Ó rọrùn láti sọ pé àwọn ènìyàn wa kò ka ìwé sí. Ìtàn kò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Láti ọdún 1859 ni ìwé ìròyìn ti jáde ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí Henry Carr kú ní ọdún 1945, àwọn ìwé tí ó kó jọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi rà wọ́n, wọ́n sì di ara ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọdún 1946, ìgbìmọ̀ ìlú Èkó gbà láti máa fi owó ìlú bójú tó ilé-ìkàwé fún tẹrútọmọ. Ìfẹ́ ìwé kò ṣàìsí. Inú òfin ni àléébù wà.

Àfiwé kan yóò mú èyí yéni. Ní Lambeth, ní gúúsù London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ fẹ́ dín ìnáwó kù, wọ́n sì ti ilé-ìkàwé Carnegie tí ó wà ní Herne Hill pa ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 2016. Àwọn ará àdúgbò jókòó sínú rẹ̀, wọn kò sì jáde títí di ọjọ́ 9, oṣù kẹrin. Ọdún 2018 ni wọ́n tó tún un ṣí, apá kan rẹ̀ sì ti di ibi eré ìdárayá. Àwọn ará àdúgbò kò borí pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà, wọ́n mọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò tì, wọ́n sì ní òfin tí wọ́n lè tọ́ka sí: òfin ọdún 1964 tí ó sọ ọ́ di dandan fún ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti pèsè ilé-ìkàwé tí ó péye.

Ọdún 1964 yìí kan náà ni òfin dá Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n òfin náà kò di ẹrù ilé-ìkàwé ru ìjọba ìbílẹ̀. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, pàǹtírí, títí kan ìwé-àṣẹ kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke. Kò dárúkọ ilé-ìkàwé. Nítorí náà, ará Kuje tàbí Gwagwalada tí kò rí ilé-ìkàwé lò kò rí orúkọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí òfin-ìpìlẹ̀ kà sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Kò sì sí ọjọ́ kan tí wọ́n kéde pé ilẹ̀kùn tì. Owó ni kò jáde. Ilé tí kò tí ì parí, ta ni yóò jókòó sínú rẹ̀ fi ẹ̀hónú hàn?

Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Òfin ọdún 1970 pàṣẹ pé kí olùtẹ̀wé kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀dà 3 ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń lọ sí Ìbàdàn. Ìwé ìtàn ìlú tàbí ìwé ewì tí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lè má sí níbòmíràn mọ́. Bí àjà ilé tí ó yẹ kí ó gbà á bá ń jò, ìwé náà kú nìyẹn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Olúrẹ̀mí Tinúbú, aya Ààrẹ, rọ àwọn tí ó fẹ́ bá a yọ̀ fún ọjọ́ìbí rẹ̀ kẹrìnlélọ́gọ́ta lé ọ̀kan pé kí wọ́n fi owó ẹ̀bùn parí ilé náà. Owó tí ó wọlé ju bílíọ̀nù 20 náírà lọ. Ọrẹ yìí yẹ ní ìyìn. Ṣùgbọ́n ọrẹ lè parí ilé, kò lè máa ra ìwé lọ́dọọdún. Yorùbá ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìgbà tí òfin bá to ilé-ìkàwé mọ́ ọjà àti ibùdókọ̀ ni ará ìlú yóò tó mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn.