Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kékeré: ṣé gbogbo wa la ní àyè níbẹ̀?

Ká sọ pé opó kan ní Oko-Akarè ní ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹbí ọkọ rẹ̀ fẹ́ gba oko tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ó gun zémijàn lọ rí agbẹjọ́rò. Ọkùnrin mẹ́ta ló bá nínú ọ́fíìsì, Faransé nìkan ni wọ́n ń sọ. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó tẹ̀lé e ló wá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Ẹ̀yin ará ilé, irú ìtumọ̀ wo lẹ rò pé ó máa ṣe?

Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ̀rọ̀ yìí lónìí.

Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Diversité ni kí onírúurú ènìyàn wà níbi iṣẹ́: ọkùnrin àti obìnrin, Nàgó, Ọ̀họ̀rí, Fọ̀n, ọmọ ìlú ńlá àti ọmọ abúlé. Équité ni kí kálukú rí ohun tó máa jẹ́ kó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ dọ́gba. Inclusion ni kí ẹni tá a gbà wọlé lè sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ọ. Amòfin obìnrin tó jẹ́ pé omi àlejò nìkan ló ń gbé kò tíì wọlé.

Kí ni òfin wí?

Òfin ìpìlẹ̀ Benin ti 11 oṣù Kejìlá 1990 sọ ní àpilẹ̀kọ 26 pé gbogbo wa dọ́gba níwájú òfin, láìwo ìran, ẹ̀sìn, tàbí bóyá a jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Àpilẹ̀kọ 11 fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti lo èdè rẹ̀. Òfin ẹbí ti ọdún 2004 jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún bí ọmọkùnrin. Òfin ọdún 2017 sì ń dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara.

Àwọn tó ṣíwájú

Ní 1933, Stella Thomas, tó ní ìran Yorùbá, di amòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1943 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ májísíréètì ní Nàìjíríà. Nílé wa níbí, Elisabeth Pognon ló kọ́kọ́ darí Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀, láti 1993 sí 1998. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin amòfin, AFJB, ti wà láti 1990, wọ́n ń gba àwọn obìnrin nímọ̀ràn lórí òfin. Ṣùgbọ́n ìjà ò tíì tán: ní Àbújá, oṣù Kejìlá 2017, wọn ò jẹ́ kí Firdaus Amasa wọlé gba oyè amòfin nítorí híjáàbù rẹ̀. Oṣù Keje 2018 ló tó gbà á.

Kí ni ọ́fíìsì kékeré lè ṣe?

Ọ́fíìsì ẹni mẹ́ta kò lówó bíi ti ilé iṣẹ́ ńlá. Bí ọ̀gá bá sì ń ṣe ojúsàájú, gbogbo ọ́fíìsì ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ yí i padà, ọjọ́ kan tó.

Èkíní, kí ẹni tó ń gba àlejò gbọ́ èdè wa, kí ògbufọ̀ má sì jẹ́ ẹni tọ́rọ̀ kàn.

Èkejì, bí iṣẹ́ bá ṣí, kí wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, kí wọ́n bi gbogbo ẹni tó wá ní ìbéèrè kan náà. Kó má jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá nìkan ló gbọ́.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n pín ẹjọ́ ńlá fún tọkùnrin tobìnrin. Òfin fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14. Tó bá padà dé, kó bá ẹjọ́ rẹ̀ níbi tó fi í sí.

Ẹ̀kẹrin, kí yàrá àlejò wà nísàlẹ̀, kí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn má baà gun àtẹ̀gùn.

Àwa náà ńkọ́?

Bẹ́ ẹ bá lọ rí agbẹjọ́rò, ẹ ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ lédè tẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ mú ẹni tí kò lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ náà dání kó túmọ̀. Ẹ má sọ pé "obìnrin ò lè rojọ́ fún mi." Níbi tá a ti ń kọ́ àwọn tó máa di tíṣà, a máa ń sọ fún wọn pé ọmọbìnrin tó ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì lónìí lè jẹ́ agbẹjọ́rò wa lọ́la.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí opó yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́.